Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣa ẹ̀yà ìbọn afẹ́fẹ́ yín jọ, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe títí gbogbo ọta á fi máa wọ ojú ihò kan

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà níbí l'Íńgíláńdì, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀bù ìbọn afẹ́fẹ́, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí: èwo ló lágbára jù? Ẹ gbọ́, agbára gbogbo ìbọn tó wà lórí ìlà ní kílọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba torí òfin ti fi ààlà sí i, ohun tó wá ń fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn ni pé òmíì wà tó jẹ́ pé ibi tó ju ọta sí lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ló máa jù ú sí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òmíì sì wà tó jẹ́ pé ibi tó bá wù ú ló ń jù ú sí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bẹ́ ẹ ṣe máa ṣa ẹ̀yà tìyín jọ kẹ́ ẹ sì tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ táá fi dà bí ti àkọ́kọ́ yẹn. Kì í ṣe ṣakabùlà là ń sọ o, kì í sì í ṣe ìbọn tó ń lo ẹ̀tù rárá, ìbọn eré ìdárayá ni, èyí tí wọ́n fi ń yìn àmì onírin nínú igbó kílọ́ọ̀bù.

Òfin ná

L'Íńgíláńdì àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára ẹ̀ ò bá ju 12 ft·lb lọ, ìyẹn 16.27 joule (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ìbọn ni méjèèjì), ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè rà á láìgbàwé àṣẹ. Tó bá fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀ báyìí, ó ti di ìbọn tó nílò ìwé ọlọ́pàá, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5. Scotland yàtọ̀, láti 31 December 2016 lẹ gbọ́dọ̀ ti ní ìwé àṣẹ kódà bí agbára ẹ̀ ò bá tó 12. Northern Ireland tún le jùyẹn lọ, tó bá ti kọjá joule 1 péré ìwé ti wọ̀ ọ́. Ní ti ilé, Naijá ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ara ohun ìjà tó nílò láísẹ́ńsì nínú òfin Firearms Act, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í mọ́ ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ má sọ pé ohun ìṣeré ni.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sí kílọ́ọ̀bù, inú àpò ẹ̀ ló yẹ kó wà, nínú búùtù mọ́tò, láìsí ọta nínú, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e káàkiri ìta láìní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Tó bá sì jẹ́ ọgbà ẹ̀yìn ilé yín lẹ ti fẹ́ yìn ín, ọta kan ò gbọ́dọ̀ ré kọjá ògiri yín, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Àwa aláwọ̀ dúdú gan-an ni kò yẹ ká fi èyí ṣeré rárá, ará àdúgbò tó bá rí ìbọn lọ́wọ́ yín láti ojú fèrèsé ò ní bi yín bóyá ti kílọ́ọ̀bù ni kó tó pe 999, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n máa rán wá ò sì ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń lò. Kílọ́ọ̀bù lẹ ti máa yìn ín, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa rí àwọn àgbà táá kọ́ yín.

Sípríńgì àbí PCP

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni onísípríńgì, ẹ máa fa irin kan sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó yìn ín, sípríńgì inú ẹ̀ máa ká jọ, tẹ́ ẹ bá fa tírígà sípríńgì yẹn á ti písítìn síwájú, písítìn á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ á lé ọta jáde. HW97K tí Weihrauch ń ṣe ní Jámánì àti TX200 tí Air Arms ń ṣe níbí ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí, torí ọ̀pá àwọn méjèèjì dúró gbọin síbi tó wà, irin mìíràn lábẹ́ ọ̀pá lẹ̀ ń fà. Àwọn èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó kì í náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ti fi ohun kan kún ohun tó lè yẹ̀.

Èkejì ni PCP, ó ní ìgò kékeré lára tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí, ọ̀pọ̀ máa ń gba nǹkan bíi 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó). HW100 àti S400 wà nínú wọn. Kì í fò lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá yìn ín, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn jù láti fi yìn dáadáa. Ìnáwó ẹ̀ ló pọ̀, ẹ máa nílò ìgò ńlá àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun tàbí pọ́ńpù ọwọ́. Ohun kan wà tí mi ò ní rẹnu mọ́ lórí ẹ̀: afẹ́fẹ́ lásán ni kẹ́ ẹ rọ sí i, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọ́síjìn sí i láéláé, ìbáà jẹ́ ti wẹ́dà ìbáà jẹ́ ti ọsibítù, torí tí ọ́síjìn bá pàdé ọ́ìlì nínú irin tó ní agbára afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa bú gbàù, ó lè pààyàn. Gíríìsì sílíkóònù náà nìkan ló yẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ kọ́, ẹ ra onísípríńgì. Ó máa fi gbogbo àṣìṣe ọwọ́ yín hàn yín. Tó bá jẹ́ máàkì lẹ fẹ́ gbà kíákíá, PCP ni.

Ìwọ̀n ẹnu ọ̀pá ńkọ́? 4.5 mìlímítà, èyí tí wọ́n ń pè ní .177, ni kẹ́ ẹ mú fún àmì yíyìn. Agbára kan náà ni òun àti .22, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ní lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ọta .177 fúyẹ́, ó ń yára, kì í tètè rọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá wá ṣi bí àmì ṣe jìnnà tó mọ̀ ní yáàdì mélòó kan ó ṣì lè wọlé.

Ọta ló kàn, ẹ má fò ó

Níbí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò yín sí jù, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi owó ṣòfò. Wọ́n á ra awò orí ìbọn olówó ńlá, èyí tó ń fa àmì súnmọ́ ojú, wọ́n á pààrọ̀ sípríńgì, wọ́n á pààrọ̀ igi ìbọn, ọta tó sì wà nínú àpò wọn jẹ́ èyí tó pọ̀ jù ní ìsọ̀. Ọ̀pá ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó fẹ́. Ẹ lè ra ìbọn méjì tí wọ́n jáde nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan fẹ́ràn ọta tí èkejì ò fẹ́ rí sójú.

Ọta tó dà bí ìlù gángan kékeré, orí ribiti, ìbàdí tín-ín-rín, ìdí fífẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe èyí tí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. JSB Exact tó wúwo tó 8.44 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó), ti Air Arms Diabolo Field, H&N Field Target Trophy, ẹ kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú irú wọn. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára agolo, 4.50, 4.51, 4.52, 4.53, ìyẹn ni bí orí ọta yẹn ṣe fẹ̀ tó, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà yẹn tó nǹkan lójú ọ̀pá.

Ẹ da ọta díẹ̀ sórí aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fi ìka yí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìdí ẹ̀ ti wọ inú, tí kò rí róbótó mọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá ń kì í, ẹ fọkàn sí ohun tí àtàńpàkò yín ń gbọ́: èyí tó dáa máa ń wọlé pẹ̀lú agídí díẹ̀ tó ṣe déédéé, èyí tó bá yọ̀ wọlé fẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ihò ti tóbi jù fún un, ọ̀tọ̀ ni ibi tó máa lọ bà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìka yín á ti mọ̀ ọ́n kí ojú yín tó mọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán wọn wò rèé. Ẹ fi aṣọ pélébé fa inú ọ̀pá kó mọ́, kẹ́ ẹ wá yìn bí 30 ọta sí i lásán, torí ọ̀pá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kì í yìn dáadáa àfi tí òjé bá ti bo inú ẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé páálí sí yáàdì 25, níbi tí ìjì ò sí. Ọta 10 lójú àmì kan, ẹ má fi ọta 3 tan ara yín, ẹni tó yìn 3 lè ṣe kòńgẹ́ oríire. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọta, ẹ tún yìn 20 tàbí 30 lásán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ má wo ibi tí wọ́n bà lórí páálí, ìyẹn iṣẹ́ awò ni, bí ihò wọn ṣe súnmọ́ ara wọn tó ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tó bá kéré jù, ẹ tún un dán wò lọ́jọ́ mìíràn, tó bá tún borí, ẹ lọ ra agolo púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe papọ̀, torí ọta orúkọ kan náà tí wọ́n ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ lè yàtọ̀.

Òjé ni ọta o. Ẹ má fi sẹ́nu, ẹ má jẹun lórí tábìlì tẹ́ ẹ ti ń kì í, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ. Ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní 2010, tó pa ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 400, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Síkúrù àti igi ìbọn

Eléyìí ò gùn. Kí ọta tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri, síkúrù tó de igi mọ́ irin ló máa kọ́kọ́ tú, pàápàá lára onísípríńgì torí gbígbọ̀n ẹ̀ pọ̀. Ẹ tú wọn, ẹ nu wọ́n mọ́, ẹ kán gọ́ọ̀mù síkúrù tí kò le jù sí i, ẹ dè wọ́n kó mọ níwọ̀n, ẹ má fi agbára fún un débi tí igi á fi fọ́.

Ẹ wá gbé ìbọn séjìká, kẹ́ ẹ di ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ wá lajú. Tójú yín ò bá bọ́ sí àárín awò gẹ́lẹ́, ìbọn yẹn ò tíì bá ara yín mu. Ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ máa gbé sókè tàbí wálẹ̀, tí igi yín ò bá ní èyí tó ṣeé gbé, fóòmù àti téèpù tó. Ọrùn ò gbọ́dọ̀ máa wá awò kiri.

Awò àti ohun tó dì í mú

Onísípríńgì máa ń tì sẹ́yìn, ó tún máa ń já síwájú lójijì nígbà tí písítìn bá kanlẹ̀, ìkejì yẹn ló ń ba awò jẹ́. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹ̀tù ńlá lè fọ́ lórí ẹ̀, nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣe é fún onísípríńgì. Awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 10 tó, kódà 8 tó. Àmì lè wà ní yáàdì 8, tí awò bá ń fa nǹkan súnmọ́ jù, ṣe ni gbogbo ẹ̀ máa ṣú.

Máùntì tó di awò mú ṣe pàtàkì bí awò fúnra ẹ̀. Ojú irin tó wà lórí ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ jẹ́ mìlímítà 11, kì í ṣe irú tàwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ ra èyí tó bá a mu. Tìbọn yín bá ní ihò kékeré lórí, ẹ ra máùntì tó ní ìṣó kékeré táá wọ ihò yẹn, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí awò máa sún sẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe ń yìn.

Ẹ fi ọtí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́ nu gbogbo ojú tó máa kanra. Ẹ gbé awò lé e, ẹ má tíì dè é pinpin, ẹ tì í síwájú sẹ́yìn títí tójú yín á fi rí gbogbo ojú ẹ̀ láìsí dúdú létí. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ ìdí okùn funfun, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ síwájú ògiri ní òdì kejì yàrá. Ẹ gbé ìbọn kó dúró ṣánṣán, tẹ́ ẹ bá ti wo inú awò, irin òòró àgbélébùú inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ bo okùn yẹn láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ máa rí i pé ó ti yẹ̀ díẹ̀ sí òsì tàbí sọ́tùn-ún, ẹ rọra yí awò títí okùn á fi sọnù lẹ́yìn irin. Ìgbà yẹn lẹ máa de síkúrù, ọ̀kan níbí, èyí tó dojú kọ ọ́ lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá de ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó dé ìkejì, awò máa yí padà. Ẹni tí awò ẹ̀ bá dagun, ó lè bà á dáadáa ní yáàdì 25, àmọ́ ní 45 ọta ẹ̀ á ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa rò pé ìjì ni.

Tírígà

Ẹ ka ìwé tó bá ìbọn yín wá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan. Tírígà Rekord tó wà lára HW97K jẹ́ onípele méjì, ẹ máa fà á dé ibì kan, á dúró, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá wá fi díẹ̀ kún un ló máa já. Síkúrù tó ń dín wíwúwo ẹ̀ kù nìkan ni kẹ́ ẹ yí, ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi èyí tó ń yí ibi tí irin inú ẹ̀ ti so kọ́ra sílẹ̀ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Pọ́n-ùn kan sí méjì tó. Tó bá fúyẹ́ jùyẹn lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ewu ni. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ẹ kì í, ẹ kọjú ẹ̀ síbi tí ọta ti máa wọlẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí igi dáadáa láìfọwọ́ kan tírígà. Tó bá dún, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì yìn onísípríńgì lófìfo, afẹ́fẹ́ tó há sẹ́yìn ọta ló ń dá písítìn dúró, tí kò bá sí ọta irin á máa gbá irin.

Bí ojú awò àti ọta ṣe máa pàdé

Yáàdì 10 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí ihò àkọ́kọ́ lórí páálí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ sí 30. Lórí ọ̀pọ̀ awò, bí nọ́ọ̀bù bá dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọta máa sún ní mìlímítà 7 ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ìyẹn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ ní 30. Nítorí náà tí ihò bá fi mìlímítà 20 wà nísàlẹ̀, ẹ yí i ní kẹ́ 10, ẹ má bẹ̀rù. Ọta 5 kẹ́ ẹ tó yí nǹkan kan, kì í ṣe 1.

Bẹ́ ẹ ṣe di onísípríńgì mú lọ́wọ́ wà nínú títún un ṣe. Ẹ má fún un lọ́rùn. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sábẹ́ ibi tó ti dúró fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn sórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fò bó ṣe fẹ́ fò, nítorí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá nígbà tí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bẹ́ ẹ bá sì dì í mú lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàná, ibi tó máa mì lọ á yàtọ̀. Ẹ má gbé e lé igi tàbí òkúta tààrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí láti yáàdì 10 títí dé 45, márùn-ún márùn-ún, ẹ yìn ọta 5 síbi kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ kọ ibi tó bà sílẹ̀: lójú àgbélébùú, lábẹ́ ẹ̀ ní ìlà kan, ní ìdajì ìlà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nínú Hunter Field Target, ìyẹn ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú igbó, àmì 30 lẹ máa yìn, wọ́n wà láti yáàdì 8 dé 45, ẹ ò mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, ẹ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí awò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ba ihò àárín tó sì wó, máàkì 2, tẹ́ ẹ bá ba irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, 1. Ìwé kékeré yẹn ló máa dúró tì yín.

Ẹ wọn bó ṣe ń sáré sí

Kírónó ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń ṣe é, kílọ́ọ̀bù máa ń ní in. Ẹ yìn ọta 10, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà. Ìṣirò ẹ̀ rèé: ẹ fi iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń sá láàárín sẹ́kọ́ńdù kan lu ara ẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n ọta ní grain lu ohun tó jáde, kẹ́ ẹ wá fi 450240 pín in. Ọta 8.44 tó ń sá 780, ó jẹ́ 11.4 ft·lb, ibẹ̀ dáa. Tó bá dé 800, ó ti kan 12 gan-an, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ ìbọn kó dín in kù kẹ́ ẹ tó tún yìn ín. Ẹ rántí pé PCP sábà máa ń lágbára sí i tí ọta bá wúwo, onísípríńgì sì sábà máa ń lágbára jù pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́, torí náà bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọta, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ má kán ọ́ìlì sínú ihò tí afẹ́fẹ́ onísípríńgì ń gbà, á gbiná nínú bíi ti ẹńjìnnì dísù, agbára ẹ̀ á fò kọjá òfin, rọ́bà inú ẹ̀ á sì jóná.

Tí nọ́ńbà PCP yín bá ń lọ sókè tó tún ń wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ìgò ṣe ń tán lọ, kò ní régúlétọ̀ nìyẹn, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe déédéé. Ẹ wo ibi tí nọ́ńbà ti ṣe déédéé jù, bóyá láti 170 bar dé 110, kẹ́ ẹ máa rọ ọ́ dé 170 yẹn nìkan, ẹ má kún un dẹ́nu.

Tó bá wá di ọjọ́ kan tí ọta bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri, bẹ́ ẹ ṣe máa wá a rèé, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ yìn 10 lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: síkúrù igi, síkúrù máùntì, agolo ọta bóyá ẹ ti ṣí tuntun, inú ọ̀pá bóyá ó ti dọ̀tí, kírónó bóyá nọ́ńbà ń fò, awò ẹlòmíì tẹ́ ẹ yá lé e lórí. Tí gbogbo ìyẹn bá dáa tó ṣì ń fọ́n, ìgbà yẹn lẹ lè gbé e lọ kí wọ́n ṣí inú ẹ̀.